Okùn Tí Bàbá Ọdẹ Kọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó." Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ igi ni mo gbé wá lónìí. Àgbọ̀nrín wà nínú rẹ̀, ọrun àti ọfà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá mi dé ìdí ọ̀rọ̀ náà, ẹ ó rí i pé ìtàn okùn ni. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Fún èmi o, abúlé kan lẹ́bàá Ìkirè ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Ọ̀kọpẹ ni bàbá mi. Òun ló ń kọ ẹyìn fún ìdajì abúlé, ó sì tún ń dá ẹmu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ọdẹ. Ìbọn ṣakabùlà kan, àtùpà ọdẹ kan, àpò kan àti ajá kan, ìwọ̀nyí ni gbogbo ọrọ̀ tó ní, ó sì tó o.

Àwọn méjèèjì ló ń gun igi jẹun. Bàbá mi kì í gun ọ̀pẹ láìsí igbà. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ìlú ńlá lè má mọ igbà. Okùn líle kan ni. Ọ̀kọpẹ á fi yí ọ̀pẹ àti ẹ̀yìn ara rẹ̀ po, á so ó pọ̀, á wá fara tì í. Á fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ara ọ̀pẹ, á ta igbà sókè, á gbésẹ̀, á tún ta igbà sókè, títí yóò fi dé ìdí ẹyìn. Bó bá dé òkè, igbà yìí kan náà ni àga rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á ṣófo fún àdá àti akèrègbè.

Bàbá Ọdẹ ní tirẹ̀ a máa gẹ̀gùn. Ẹ̀gùn ni ibùba tí ọdẹ ń fi igi tò sórí igi ńlá, níbi tí ẹran ti ń wá jẹ èso tó bá bọ́ sílẹ̀. Bí àkókò ìyeyè bá ti dé, ibẹ̀ ni Bàbá Ọdẹ ń mọ́jú. Á jókòó sórí igi mẹ́ta tó dì pọ̀, ìbọn á wà lórí itan rẹ̀, á máa retí ẹtu tàbí àgbọ̀nrín. Bàbá mi kò yé bẹ̀ ẹ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n wá okùn kan tí ẹ ó máa so mọ́ ìbàdí." Bàbá Ọdẹ á sì rẹ́rìn-ín: "Èmi? Ọdẹ kì í so ara rẹ̀ mọ́gi bí ewúrẹ́. Bí ẹfọ̀n bá dé ńkọ́? Kí n máa tú okùn ni?"

Ní òru ọjọ́ kan ní ọdún 1964, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, oorun gbé Bàbá Ọdẹ lórí ẹ̀gùn. Kì í ṣe ẹkùn, kì í ṣe iwin. Oorun lásán ni. Ó já bọ́ láti ibi tó ga tó òrùlé ilé alájà kan, kò sì sí ẹni tó mọ̀ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́. Àwọn tó ń to eegun ṣe é ṣe é, ọsibítù náà ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti bàjẹ́. Ọdún mọ́kànlá ló lò lórí ẹní kó tó kú. Láàárín ọdún mọ́kànlá yìí, n kò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kí bàbá mi sọ pé, "Ṣebí mo wí." Ṣùgbọ́n mo rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí Bàbá Ọdẹ ní kí n bá òun mú igbà tó wà lára ògiri wá. Ó gbé e lé itan rẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan mọ́, ó fi ọwọ́ tọ́ ọ láti òpin dé òpin. Lẹ́yìn náà ó ní, "Gbé e padà fún bàbá rẹ." Kò tún sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká fo ọ̀pọ̀ ọdún. Àtijẹ àtimu gbé mi dé ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, mo sì ṣiṣẹ́ pẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀yà ara mọ́tò. Ní ìpínlẹ̀ yẹn, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kọkànlá ni wọ́n ń ṣí igbó fún àwọn tó ń fi ìbọn dọdẹ àgbọ̀nrín. Bí ọjọ́ náà bá kò, ẹ óò kàn máa rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò wá síbi iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí tiwọn ti ń ṣí láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, nítorí pé ọrun àti ọfà ni àwọn ń lò. Ọ̀kan nínú wọn ni òyìnbó kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọkùnrin tí mo tó bàbá rẹ̀ bí, tó sì ń pè mí lórúkọ bí ẹgbẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn.

Ní ọdún 2019, ó pè mí wá sílé rẹ̀ kí n wá wo ohun tuntun tó rà. Ó mú aṣọ líle kan jáde, tó fẹ̀ díẹ̀ ju ọ̀já tí ìyá fi ń pọn ọmọ lọ. Ó wọ̀ ọ́ sí ìdí, ó dè é mọ́ ìbàdí. Ó mú okùn kan, ó fi yí igi tó wà lẹ́yìn ilé po, ó fi ẹnu okùn náà kọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì aṣọ yẹn, ó wá fara tì í sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lára igi. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Ẹnu mi kò gbà á mọ́. Mo pariwo: "Igbà rèé!" Èdè Yorùbá ló jáde, òyìnbó kò gbọ́. Mo wá ṣàlàyé fún un pé bàbá mi gun ọ̀pẹ ní ọ̀nà yìí gan-an kí wọ́n tó bí i. Ó ní orúkọ tí àwọn ń pè é ni gàárì orí igi. Kì í ṣe gàrí tí à ń mu o, gàárì ẹṣin ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí: báwo ni ọdẹ ilẹ̀ olówó, ilẹ̀ tí ìbọn pọ̀ bí ewé, ṣe dé orí igi pẹ̀lú ọrun lọ́wọ́ àti igbà ní ìdí?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹran náà. Àgbọ̀nrín tiwọn kì í ṣe àgbọ̀nrín tiwa gan-an. Ìwo tiwa kì í bọ́ títí ẹran náà yóò fi kú, ṣùgbọ́n ìwo akọ tiwọn ń já bọ́ lọ́dọọdún, òmíràn á sì tún hù. Abẹ́ ìrù rẹ̀ funfun báláú. Bí ẹ̀rù bá bà á, á gbé ìrù náà sókè bí ẹni ń ju ìnujú, á sì di àwátì. Ẹran yìí kún igbó ilẹ̀ náà nígbà àtijọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń pa ẹran fún ọjà dé. Awọ rẹ̀ di owó, ẹran rẹ̀ di owó, ọkọ̀ ojú irin sì ń kó o lọ sí àwọn ìlú ńlá. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1900, àwọn onímọ̀ ṣírò pé èyí tó kù ní gbogbo Amẹ́ríkà kò ju bí 500,000 lọ. Àwọn ìpínlẹ̀ wà tí ọmọdé lè dàgbà di àgbà láìfojú kan ẹyọ kan.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n ṣòfin, wọ́n sì tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1900 ni òfin kan tí wọ́n ń pè ní Òfin Lacey jáde, tó sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n pa lọ́nà àìtọ́ láti ìpínlẹ̀ kan lọ tà ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Àwọn ìpínlẹ̀ yan àkókò ọdẹ, wọ́n ní kí ọdẹ máa gba ìwé àṣẹ, wọ́n sì ka iye tí ẹnì kan lè pa. Ní ọdún 1937, òfin mìíràn ní iṣẹ́ àbójútó ẹran ìgbẹ́ ni kí wọ́n máa fi owó orí tó wà lórí ìbọn àti ọta ṣe. Ní ọdún 1972, wọ́n fi ọrun àti ọfà kún un. Ọdẹ fúnra rẹ̀ ló wá ń sanwó ìtọ́jú ẹran tó ń pa. Lónìí, àgbọ̀nrín onírù funfun ti tó bí 30 mílíọ̀nù, débi pé wọ́n ń wọ inú ọgbà ìdáná jẹ ewébẹ̀ àwọn èèyàn ní ìgboro.

Ọ̀rọ̀ ọrun ló kàn. Àwọn baba wa ní, "Ọ̀sán já, ọrún dọ̀pá." Bó ṣe rí fún ọrun níbi gbogbo tí ìbọn dé nìyẹn, tiwa náà kò yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ ọkùnrin kan tí gbogbo ẹbí rẹ̀ ti parun ni ọ̀sán náà ti tún so. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1911, ó jáde látinú igbó sí ìlú Oroville ní California, ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Òun nìkan ló kù nínú ẹ̀yà Yahi. Àwọn òyìnbó tó wá gba ilẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ti pa àwọn ènìyàn rẹ̀ run. Ní àṣà wọn, ènìyàn kì í fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ara rẹ̀ fún àlejò, nítorí náà Ọ̀jọ̀gbọ́n Alfred Kroeber, tó gbà á sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé yunifásítì ní San Francisco, ń pè é ní Ishi, ìyẹn "ọkùnrin" ní èdè rẹ̀.

Dókítà oníṣẹ́-abẹ kan wà ní yunifásítì yìí, Saxton Pope lorúkọ rẹ̀. Ó ń tọ́jú Ishi, wọ́n sì di ọ̀rẹ́. Ishi kọ́ ọ bí a ti ń gbẹ́ ọrun, bí a ti ń ṣe ọfà, bí a ti ń rọra sún mọ́ ẹran. Ní ọdún 1914, wọ́n jọ padà lọ sí igbó àwọn baba Ishi. Ní oṣù kẹta ọdún 1916, ikọ́ ife pa Ishi. Ṣùgbọ́n ohun tó fi sílẹ̀ kò kú. Pope kọ ìwé kan lórí ọdẹ ọlọ́run, ó jáde ní ọdún 1923, àwọn ènìyàn sì ń du ú kà. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Arthur Young gbé ọrun dé Tanganyika, tí à ń pè ní Tanzania lónìí, ní ọdún 1925, wọ́n sì ta kìnnìún lọ́fà níbẹ̀. Sinimá tí Young ṣe nípa ọdẹ rẹ̀ ní Alaska ni ọ̀dọ́kùnrin kan wò ní Detroit, ó sì mú un lọ́kàn. Fred Bear ni ọ̀dọ́kùnrin náà. Ó dá ilé-iṣẹ́ ọrun sílẹ̀, ó gbé e lọ sí Grayling ní Michigan ní ọdún 1947, òun ló sì wá di ìlú-mọ̀ọ́ká jù nínú àwọn ọdẹ ọlọ́run ilẹ̀ náà kó tó kú ní ọdún 1988.

Ìjọba náà gbà fún wọn. Ní ọdún 1934, ìpínlẹ̀ Wisconsin ya àkókò sọ́tọ̀ fún ọrun nìkan, àwọn ìpínlẹ̀ yòókù sì tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1969, ọkùnrin ará Missouri kan, Holless Wilbur Allen, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọrun kan tó ní àgbá kékeré lẹ́nu méjèèjì. Bí ọdẹ bá ti fa ọ̀sán rẹ̀ dé òpin, ọwọ́ á fúyẹ́, ara kò ní gbọ̀n. Àwọn tí kò lágbára fa ọrun àtijọ́ lè wá dọdẹ. Ọlọ́run wá pọ̀ nínú igbó. Ẹ má ṣì mí kà o, ọlọ́run tí mo wí ni ẹni tó ní ọrun lọ́wọ́.

Níbí yìí ni igi ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ọfà kò jọ ọta ìbọn. Ìbọn lè pa ẹran láti ibi tí ojú rẹ̀ kò tó ọ. Ọfà ní láti gé ẹ̀dọ̀fóró tàbí ọkàn kí ẹ̀jẹ̀ tó lè dà, nítorí náà ọdẹ tó mọṣẹ́ kì í fẹ́ ta á ju ìgbésẹ̀ 20 sí 30 lọ. Ta ni yóò sún mọ́ àgbọ̀nrín tó bẹ́ẹ̀? Ojú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Etí rẹ̀ ń yí kiri. Imú rẹ̀ ni kí a má tilẹ̀ sọ: bí atẹ́gùn bá gbé òórùn ènìyàn sí i lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n àgbọ̀nrín kì í sábà gbójú sókè wá ọ̀tá. Ẹni tó bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà 20 sókè, ìyíra rẹ̀ kò ní tètè hàn, òórùn rẹ̀ náà sì lè gba òkè orí ẹran kọjá. Bàbá Ọdẹ mọ èyí láìkàwé. Òyìnbó náà mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń tò ẹ̀gùn tiwọn. Pákó ni wọ́n kọ́kọ́ ń kàn mọ́ ẹ̀ka. Nígbà tó yá, wọ́n ń ṣe àga irin tí ọdẹ ń gbé kọ́rùn wọ igbó.

Bí ọdẹ ti ń gòkè ni ọdẹ ń já bọ́. Bó ti wù kí ẹ̀rù ìbọn bà wá tó, jíjábọ́ látorí igi wà lára ohun tó ń ṣe ọdẹ àgbọ̀nrín ní Amẹ́ríkà léṣe jù lọ. Àwọn kan kú, àwọn kan rọ bí Bàbá Ọdẹ. Àwọn tó ń ṣe àga náà ní kí ọdẹ máa so ìgbànú mọ́ igi. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó so ìgbànú kan ṣoṣo mọ́ ìbàdí bá já, ìgbànú náà lè fà sókè dé àyà, kó fún un débi tí kò ní lè mí. Wọ́n wá ṣe èyí tó gba èjìká, àyà àti itan, bíi ti àwọn tó ń kọ́ ilé gogoro. Èyí dára. Ọ̀rọ̀ tó kù ni pé ọ̀pọ̀ ló ń fi í sílé. "N kò ní pẹ́." "Ó ń dí mi lọ́wọ́." "Mo ti ń gungi láti kékeré." Ẹ gbọ́ ná, ṣé ẹ kò gbọ́ ohùn Bàbá Ọdẹ níbẹ̀?

Òun ni gàárì orí igi fi wá wù mí. Láti bí àwọn ọdún 1980 ni àwọn ọdẹ díẹ̀ ti ń lò ó, àwọn ẹgbẹ́ wọn sì ń wò wọ́n bí aláṣejù. Ìparí àwọn ọdún 2010 ni ó tó gbalẹ̀ káàkiri. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Àkọ́kọ́ ni aṣọ ìdí náà fúnra rẹ̀, tí kò wúwo ju kìlógíráàmù kan tàbí díẹ̀ lé lọ. Ìkejì ni okùn tí ọdẹ fi ń yí igi àti ara rẹ̀ po nígbà tó bá ń gòkè lórí àtẹ̀gùn irin kéékèèké. Igbà nìyẹn. Àwọn tó ń gun òpó wáyà ní Amẹ́ríkà ti ń lo irú rẹ̀ ṣáájú ọdẹ. Ìkẹta ni okùn kan tó ń so mọ́ igi ní òkè orí, tí ó wá sí iwájú aṣọ náà. Kókó kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ Karl Prusik pè, ará Austria tó gbé e jáde ní ọdún 1931 fún àwọn tó ń gun òkè. Bí ẹ bá fi ọwọ́ tì í, á yọ̀. Bí ìwọ̀n ara bá lé e, á di mọ́ okùn gírígírí.

Bí ọdẹ bá dé òkè, á gbé ẹsẹ̀ lé pèpéle irin kékeré kan, á kọjú sí igi, á wá jókòó sínú okùn. Bí ẹran bá gba ọ̀tún wá, á rọra yí sí òsì kí igi lè bò ó. Ẹ wo ibi tí ọgbọ́n náà wà: lórí ẹ̀gùn, okùn jẹ́ àfikún, ẹni tó bá wù ú á so ó, ẹni tí kò bá wù ú á jù ú sílẹ̀. Nínú gàárì, okùn gan-an ni àga. Ohun tí ènìyàn bá lè gbàgbé, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò gbàgbé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè gbàgbé àga tó jókòó lé. Àwọn ọ̀kọpẹ tiwa ti mọ èyí tipẹ́. Okùn òkè orí nìkan ni wọ́n fi lé ọgbọ́n wa.

Kò túmọ̀ sí pé gàárì kò léwu. Ẹni tó bá jẹ́ kí okùn òkè orí dẹ̀ jù, bí ẹsẹ̀ bá yọ̀, okùn á já a lù kó tó gbà á dúró. Okùn tó ti ń fọ́n, ẹ sọ ọ́ nù. Bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá sì rọ̀ sófo fún ìgbà pípẹ́ láìní ibi tí yóò tẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ṣàn jọ sí ìsàlẹ̀, ó sì lè dákú. Ẹni tó ń lọ sígbó gbọ́dọ̀ sọ igi tó ń lọ fún ará ilé.

Ọ̀rẹ́ mi mú mi lọ ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Èmi kò mú ọrun, òǹwòran ni mo bá lọ. Ó wọ gàárì kejì fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú, a fi gbogbo ọ̀sán kọ́ ọ ní ibi tí kò ga ju orókún lọ. Ní ìdájí, a gun igi méjì tó wà nítòsí ara wọn. Orókún mi ń gbọ̀n. Òtútù ń ta bí abẹ́rẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ń là bọ̀, igbó dákẹ́ rọ́rọ́, mo sì rí i tí orí ọ̀rẹ́ mi tẹ̀ síwájú, tí àgbọ̀n rẹ̀ kan àyà. Oorun ti gbé e. Iṣẹ́ òru ló ti ibẹ̀ bọ̀ ní ìjẹta. Ọkàn mi já pàá. Mo fẹ́ kígbe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yẹ̀ kúrò lórí pèpéle, ara rẹ̀ fì díẹ̀, okùn dún gìrìrì, ó gbà á dúró. Ó lajú, ó wo apá ọ̀dọ̀ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó tún ẹsẹ̀ gbé lé e. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn bí wákàtí kan, abo àgbọ̀nrín kan àti ọmọ rẹ̀ kọjá lábẹ́ wa, wọn kò mọ̀ pé ẹnì kan wà lókè. Ọ̀rẹ́ mi kò ta wọ́n, ó ní akọ ni òun ń retí. Akọ kò wá. Òwe wa sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Àwa kò pa nǹkan kan, nítorí náà kò sí ohun tí a ó fi du ẹnikẹ́ni. Àmọ́ nínú ọkọ̀ bí a ti ń darí bọ̀, omi ń bọ́ lójú mi. Ọ̀rẹ́ mi rò pé òtútù ni. Ìṣẹ́jú kan péré, irú oorun kan náà. Ọ̀kan fi ọdún mọ́kànlá dùbúlẹ̀, èkejì tún ẹsẹ̀ gbé.

Nígbà tí mo wálé ní ọdún 2023, mo ra gàárì kan dání fún àbúrò mi, ọmọ Bàbá Ọdẹ, tó ń ṣọdẹ bíi ti bàbá rẹ̀. Ìbọn lòun ń lò, n kò sì sọ pé kó fi í sílẹ̀. Ó yí nǹkan náà wò, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ kí n pọn ara mi bí abiyamọ?" Mo ní, "Mú igbà wá." Ó wọlé, ó mú èyí tí ọmọ rẹ̀ fi ń kọ ẹyìn jáde. A tẹ́ méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Nílé wa ló wà láti ọjọ́ yìí wá." Mo ní, "Ara ògiri ló wà." Mo fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ ọ, láti ibi tí kò ga lọ síbi tó ga, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ mi.

Ẹ̀yin ará ìgboro, ẹ lè ní kí ló kàn yín nínú ọdẹ. Ẹ wo òkè nígbà tí ẹ bá ń kọjá. Ẹni tó ń kun ilé alájà mẹ́rin, ẹni tó ń kan páànù, ẹni tó ń gun òpó iná, mélòó nínú wọn ló so nǹkan mọ́ ìbàdí? Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ òkè fún ọmọ ọlọ́mọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè okùn rẹ̀ kí ẹ tó béèrè iye tí yóò gbà. Kì í ṣe ojo ló ń so ara rẹ̀ mọ́gi. Ẹni tó fẹ́ padà sílé ni.

Ó kù díẹ̀ kí òjò bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni fóònù mi dún. Àbúrò mi ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, oorun gbé mi lórí igi lálẹ́ àná." Mo dìde dúró. Mo ní, "O já bọ́ ni?"

Ó ní, "Ibo ni mo fẹ́ já bọ́ sí?"